Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Kan tàbí Ẹ̀kọ́ Gbígbòòrò: Ìfiwéra fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Ka Ìmọ̀ Ọmọnìyàn ní Yunifásítì

Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ fà sí ìtàn, èdè, lítíréṣọ̀, fìlọ́sọ́fì, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí eré orí ìtàgé ní ọ̀nà méjì tí ó yàtọ̀ gédégédé láti gbà kẹ́kọ̀ọ́ gboyè. Ọ̀nà kìíní ni èyí tí àwa ní Nàìjíríà mọ̀ jù, tí a jogún lọ́wọ́ àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọmọ yóò ti mú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan kí ó tó wọlé, inú ẹ̀ka náà ni yóò sì wà títí tí yóò fi jáde. Ọ̀nà kejì ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní liberal arts, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́kọ́ tọ́ oríṣiríṣi ìmọ̀ wò, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kí ó tó fìdí kalẹ̀ sí ẹyọ kan. Mo kọ ìfiwéra yìí fún àwọn òbí àti àwọn ọmọ tí ìpinnu yìí wà níwájú wọn, nítorí pé ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ọ̀nà kìíní ti di ti àtijọ́, tàbí pé ọ̀nà kejì kò ju kí ọmọ máa fi àkókò ṣòfò lọ. Kò sí òtítọ́ nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìgbà tí yíyàn ń wáyé

Ní Nàìjíríà, kì í ṣe yunifásítì ni yíyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti SS1 ni wọ́n ti ń pín àwọn ọmọ sí kíláàsì Arts, sáyẹ́ǹsì tàbí ti ìṣòwò, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Bí ó bá wá di ìgbà ìdánwò JAMB, èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú iṣẹ́ mẹ́ta tí ó bá ẹ̀ka tí ọmọ fẹ́ mu ni yóò kọ, orúkọ ẹ̀ka náà ni yóò sì wà lórí ìwé ìgbàwọlé rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọlé fún ìmọ̀ èdè, tí ó wá rí i ní ọdún kìíní pé ìtàn gan-an ni òun ń wá, lè béèrè láti yí padà, ṣùgbọ́n èsì ìdánwò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dára, ẹ̀ka tí ó fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ ní àyè, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú, ọdún kan a lọ sí i.

Ìṣòro yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Chinua Achebe wọ University College ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an ṣí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó sì gbà láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Nígbà tí ó rí i pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀, ó yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ pé yíyan ẹ̀ka láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ìpalára, kí ó rántí pé díẹ̀ ló kù kí a pàdánù òǹkọ̀wé ńlá yẹn sí ìṣègùn. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ìmọ̀ mẹ́ta ni ó kà pọ̀: ètò yunifásítì London tí Ìbàdàn ń tẹ̀lé nígbà náà fi àyè sílẹ̀ fún oyè oní-ìmọ̀ mẹ́ta, ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ tí a jogún kò há tó bí a ṣe wá há a mọ́ra lẹ́yìn náà.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ liberal arts, fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé gba ọmọ láàyè láti kọ ọ́ pé òun kò tíì mọ ohun tí òun yóò kà. Ìparí ọdún kejì ni ó sábà máa ń kéde ẹ̀ka tí ó yàn. Nínú nǹkan bí kọ́ọ̀sì 32 tí yóò ṣe ní ọdún mẹ́rin, bí 8 sí 12 ni yóò jẹ́ ti ẹ̀ka rẹ̀. Ìyókù ni ó fi ń ka nǹkan mìíràn. Ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, ẹ yí i po: ẹ̀ka rẹ̀ ló ń gba apá tí ó pọ̀ jù, ohun mìíràn ló ń gba ìyókù.

Ohun tí liberal arts kì í ṣe

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé ibí gan-an ni owó ẹlòmíràn ti ń ṣòfò. Orúkọ náà ní "arts" nínú, àwọn òbí púpọ̀ sì rò pé ohun kan náà ni pẹ̀lú kíláàsì Arts ti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ìkọ́ni ni liberal arts. Ọmọ lè gba ibẹ̀ gboyè nínú físíìsì tàbí kọ̀ǹpútà. Yunifásítì Ashesi tí Patrick Awuah dá sílẹ̀ ní Gánà ní ọdún 2002, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kàwé ní Swarthmore ní Amẹ́ríkà, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló ń ka àwọn kọ́ọ̀sì gbogbogbòò nípa ìwé kíkọ, ìrònú, ìwà ọmọlúwàbí nínú iṣẹ́, àti ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì ní àdéhùn ìṣòótọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe ìdánwò láìsí ẹni tí ń ṣọ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dára gidi ni. Síbẹ̀, ìmọ̀ ìṣòwò, kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni oyè tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó fẹ́ gboyè nínú ìtàn tàbí lítíréṣọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ liberal arts nìkan yan ibẹ̀. Ẹ wo àkójọ oyè tí ilé-ẹ̀kọ́ ń fúnni kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ̀ pé irúfẹ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ẹ̀kọ́ gbígbòòrò ti Amẹ́ríkà, ìyàtọ̀ tí ó sì wà láàárín wọn pọ̀. Irúfẹ́ kan ní ìwé àti kọ́ọ̀sì kan náà tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ kà, bí ti Columbia College ní New York, tí ètò rẹ̀ ti wà láti ọdún 1919. Irúfẹ́ kejì, tí ó wọ́pọ̀ jù, ń ní kí ọmọ mú iye kan láti inú ìmọ̀ ọmọnìyàn, iye kan láti inú ìmọ̀ àwùjọ, iye kan láti inú sáyẹ́ǹsì. Irúfẹ́ kẹta ṣí sílẹ̀ pátápátá: ní Amherst, kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ọdún kìíní gbọ́dọ̀ ṣe, Brown náà sì ti wà lórí irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1969. Mo gbà pé irúfẹ́ kẹta yìí yẹ ọmọ tí ó ti ń dá ìwé kà fúnra rẹ̀ nílé; ẹni tí kò bá tíì ní àṣà ìwé kíkà lè rìn gbéregbère níbẹ̀ fún ọdún méjì.

Inú kíláàsì

Bí mo bá ní kí ẹ wo ohun kan ṣoṣo kí ẹ tó pinnu, ohun náà ni ìwé kíkọ: ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ yóò kọ àròkọ ní sẹ́mísítà kan, ta sì ni yóò kà á, tí yóò fa ìlà sí ibi tí èrò rẹ̀ ti mẹ́hẹ, tí yóò ní kí ó lọ tún un kọ? Ìmọ̀ ọmọnìyàn kò ní yàrá ìwádìí tí a ti ń dán nǹkan wò. Inú gbólóhùn ni a ti ń dán èrò wò.

Ní St. John's College, tí ó ní ọgbà ní Annapolis àti Santa Fe, kò sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rárá. Láti ọdún 1937 ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ka àwọn ìwé pàtàkì kan náà fún ọdún mẹ́rin, láti orí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ títí dé ìgbà tiwa, wọ́n ń kọ́ èdè Gíríìkì àti Faransé, wọ́n sì ń ṣe ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé àti alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nǹkan bí 20 akẹ́kọ̀ọ́ a jókòó yí tábìlì ńlá kan ká pẹ̀lú olùkọ́ méjì. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ a béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lórí ìwé tí wọ́n kà, ìyókù di ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí kò kàwé kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Nígbà tí sẹ́mísítà bá ń parí, àwọn olùkọ́ rẹ̀ a kóra jọ, wọn a máa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ara wọn, òun náà yóò sì jókòó síbẹ̀ tí yóò máa gbọ́ ọ. Ní Williams College, wọ́n ní kọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré sí olùkọ́ kan: lọ́sẹ̀ yìí ọ̀kan yóò kọ àròkọ, èkejì yóò ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ lójú olùkọ́, lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ wọn yóò pààrọ̀ ipò.

Ní àwọn yunifásítì ìjọba wa, kọ́ọ̀sì gbogbogbòò tí wọ́n ń pè ní GST tàbí GES ni a dá sílẹ̀ láti fún ọmọ ní irú ìbú bẹ́ẹ̀. Èrò náà ní ìtàn tí ó níyì: nígbà tí yunifásítì Nsukka bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Michigan State University, wọ́n mú ẹ̀kọ́ gbogbogbòò wọ inú ètò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, ó sì tàn dé àwọn yòókù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà ń dùn mí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, inú gbọ̀ngàn tí èrò kún fọ́fọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ìdánwò rẹ̀ sì jẹ́ ti orí kọ̀ǹpútà, kí ọmọ mú A, B, C tàbí D. Ọmọ lè gba A nínú kọ́ọ̀sì fìlọ́sọ́fì láìkọ odidi ìpínrọ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró síbẹ̀ kí ẹ sì dájọ́, nítorí pé inú ẹ̀ka fúnra rẹ̀ ni agbára ọ̀nà kìíní wà. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ọdún ìkẹyìn, tí àwọn ọmọ ń pè ní project, jẹ́ dandan fún gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lè gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lọ bá ọdẹ ní ìlú rẹ̀, kí ó gba ìjálá sílẹ̀, kí ó padà wá jókòó tì í, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó wá ṣàlàyé bí àwítúnwí àti ìfọ̀rọ̀dárà inú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Níbi tí alábòójútó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó sì ní àyè, ìwádìí gidi nìyẹn, ọmọ ọdún 22 ló sì ń ṣe é.

Ìjìnlẹ̀, àti ibi tí Yorùbá wà

Níbí ni ọ̀nà kìíní ti borí, mo sì fẹ́ kí àwọn òbí tí ojú wọn wà ní òkè òkun nìkan fara balẹ̀ kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní Ìbàdàn ń ka ìtàn níbi tí àwọn onímọ̀ ìtàn bíi Kenneth Dike àti J. F. Ade Ajayi ti fi hàn pé a lè fi àkọsílẹ̀ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu ilẹ̀ Áfíríkà kọ ìtàn ilẹ̀ náà. Inú ọgbà yunifásítì yẹn ni ilé àkójọ ìwé ìjọba, National Archives, tí Dike jà fún, wà títí dòní. Ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn láti kíláàsì lọ síbẹ̀, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí lẹ́tà tí ọ̀gá àgbà òyìnbó kan kọ nípa ìlú bàbá rẹ̀. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kankan ní Massachusetts tí ó lè fún un ní ìyẹn.

Bákan náà ni ti èdè. Wọ́n ń kọ́ èdè Yorùbá ní Harvard, ní Yale àti ní University of Wisconsin ní Madison, ohun ìwúrí sì ni. Àmọ́ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí ni wọ́n ṣètò ọ̀pọ̀ kíláàsì wọ̀nyẹn fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ rì sínú gírámà, oríkì, ẹsẹ Ifá àti lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ Yorùbá fún ọdún mẹ́rin gbáko, ẹ̀ka ìmọ̀ èdè àti àwọn èdè Áfíríkà ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ ni kí ó lọ. Nínú ètò oníwèé kan náà ti Columbia tàbí St. John's, ìmọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ni òpó tí ó gbé ilé náà ró. Ọmọ wa tí ó bá lọ síbẹ̀ nílò láti mọ̀ pé òun fúnra òun ni yóò gbé ìmọ̀ tirẹ̀ dání lọ.

Èrè ìbú wà níbi tí ìmọ̀ kan ti ń pàdé èkejì. Ní ọdún 1968 ni òǹkọ̀wé eré Ola Rotimi gbé ìtàn Oedipus, ọba àwọn ará Gíríìsì, wọ inú ààfin Yorùbá lórí ìtàgé ní Ifẹ̀. Ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ eré ní Boston àti ní Yale ni. Ṣùgbọ́n Wole Soyinka ti kọ́ èdè Gíríìkì pẹ̀lú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Leeds, Femi Osofisan sì ka èdè Faransé ní Ìbàdàn, òun náà ló wá ń mú ìtàn àwọn ará Gíríìsì bá ọ̀rọ̀ Nàìjíríà sọ. Ọ̀nà méjèèjì ló so èso yìí. Ohun tí ọ̀nà kejì ń ṣe ni pé ó fi ìpàdé yẹn sínú ètò. Ní ọ̀nà kìíní, ọmọ ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀ka kejì fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà àárín

Ẹni tí kò bá fẹ́ yan apá kan pátápátá lè wo Scotland. Ní Edinburgh àti Glasgow, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń gba oyè Arts, ọmọ a sì máa ka ìmọ̀ bíi mẹ́ta ní ọdún kìíní kí ó tó dojú kọ ọ̀kan tàbí méjì ní ọdún kẹta. Ní England, ọdún mẹ́ta ni, inú ẹ̀ka rẹ̀ sì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Nílé, Ifẹ̀ ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mú kọ́ọ̀sì láti fákọ́tì mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní special electives. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi í wá máàkì tí ó rọrùn. Ẹni tí ó bá fi í wá ìmọ̀ yóò rí i. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun ti NUC, àjọ ìjọba tí ń mójútó àwọn yunifásítì, tí wọ́n ń pè ní CCMAS náà, fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti pinnu, nítorí náà ó tọ́ kí ẹ béèrè ohun tí ẹ̀ka tí ẹ ń wò fi ìdá 30 tirẹ̀ ṣe.

Owó àti àkókò

Iye tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó lórúkọ ní Amẹ́ríkà ń kọ síta fún owó ẹ̀kọ́, ibùgbé àti oúnjẹ ti kọjá 80,000 dọ́là lọ́dún kan. Mi ò rò pé ó yẹ kí ìdílé kankan ta ilé tàbí ilẹ̀ nítorí rẹ̀, pàápàá fún oyè tí kì í mú owó ńlá wọlé lọ́gán. Ọ̀nà tí ó bọ́gbọ́n mu ni ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé, tí wọ́n sì ń dí àlàfo owó tí ìdílé kò lè san, fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú: Harvard, Yale, Princeton, Amherst àti Bowdoin wà lára wọn. Wọ́n kéré níye, ìgbàwọlé wọn sì le kókó. Berea College ní Kentucky kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Iṣẹ́ ni gbogbo wọn ń ṣe nínú ọgbà.

Ní Nàìjíríà, owó yunifásítì ìjọba kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, ẹ̀yáwó NELFUND tí kò ní èlé sì ti wà láti ọdún 2024. Àkókò ni ó ń wọ́n níbẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti Febúárì dé Òkítóbà, ẹni tí ó bá sì ń ṣírò ọdún mẹ́rin gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè òkun náà ní ewu tirẹ̀. Yale-NUS, ilé-ẹ̀kọ́ liberal arts ní Singapore tí òkìkí rẹ̀ kàn, gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ọdún 2013; ní ọdún 2021 wọ́n kéde pé àwọn yóò pa á dé, àwọn ìkẹyìn sì gboyè ní ọdún 2025. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà náà ń dín ẹ̀ka èdè àti fìlọ́sọ́fì wọn kù, òfin físà sì ń yí padà láti ìjọba kan sí òmíràn. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀ka tí ọmọ ń lọ fún kò tíì sí lójú ọ̀bẹ.

Lẹ́yìn oyè

Ẹni tí ó bá fẹ́ padà wálé sin ìjọba gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀ gbọ́dọ̀ gboyè kí ó tó pé ọmọ 30 ọdún, ìwé ẹ̀rí òkè òkun sì ní àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí èrò rẹ̀ bá jẹ́ láti gba oyè kejì ní Nàìjíríà, kí orúkọ ẹ̀ka hàn gbangba lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ìtàn tàbí fìlọ́sọ́fì tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Oyè tí a kọ "liberal arts" sí nìkan lè mú kí wọ́n bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Fún iṣẹ́ ìròyìn, iṣẹ́ ìwé títẹ̀, iṣẹ́ àjọ àgbáyé tàbí iṣẹ́ agbẹjọ́rò lẹ́yìn ìmọ̀ òfin, méjèèjì ló ń gbéni débẹ̀.

Ta ni kí ó gba èwo

Ọmọ tí ó ti mọ ohun tí ó fẹ́, tí ohun náà sì ní gbòǹgbò níhìn-ín, kí ó gba ọ̀nà kìíní láìbojúwẹ̀yìn, kí ó sì yan yunifásítì rẹ̀ nítorí àwọn olùkọ́ tí ó wà ní ẹ̀ka náà gan-an. Ọmọ tí ó mọ̀ pé òun fẹ́ràn ìwé ṣùgbọ́n tí kò mọ èyí tí òun fẹ́ràn jù, tàbí tí ó fẹ́ràn ìtàn àti bàọ́lọ́jì bákan náà, ọ̀nà kejì ni ó yẹ ẹ́, bí ó bá jẹ́ pé owó ìrànlọ́wọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ fún un ni yóò gbé e lọ. Èyí tí mo máa ń kọ̀ fún òbí ni kí wọ́n san owó gọbọi fún ilé-ẹ̀kọ́ gbígbòòrò tí kò lórúkọ, tí kíláàsì rẹ̀ kún, tí kò sì béèrè àròkọ lọ́wọ́ ọmọ. Ìbú tí kò ní ìwé kíkọ nínú kò sàn ju GST lọ.

Kò pọn dandan kí ẹ pinnu lónìí, nítorí pé ètò méjèèjì lè lọ pọ̀ nínú ọdún kan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Jánúárì ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ń ti fọ́ọ̀mù, àwọn kan tilẹ̀ ń ti tiwọn láti Nofẹ́ńbà; ìforúkọsílẹ̀ JAMB sábà máa ń wáyé ní oṣù àkọ́kọ́ ọdún, èsì WAEC kan náà ni a ó sì lò fún méjèèjì. Ìparí Máàṣì ni ìdáhùn Amẹ́ríkà sábà máa ń dé, wọ́n sì máa ń fún ọmọ di ọjọ́ kìíní oṣù Máàyù láti fèsì. Kí ẹ tó fèsì, kí iye tí ìdílé yóò san fún odidi ọdún mẹ́rin, kì í ṣe ọdún kìíní nìkan, wà nínú ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí.